Abẹ Kan Kò Gbọdọ̀ Mọ Àgbọ̀n Méjì

 

Lẹ́tà kan wà níwájú mi tí ó ti Iléṣà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni ó kọ ọ́; n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní bàbá àwọn ti di olóògbé, ó sì fi abẹ kan sílẹ̀, irú èyí tí ń ká wọ inú èèkù rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n jọ ń fi abẹ náà fá irùngbọ̀n báyìí. Wọ́n ní kí òun náà wá máa lò ó, nítorí pé ohun bàbá àwọn ni, ohun bàbá kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ìbéèrè méjì ni àbúrò wa yìí bi mí. Ó fẹ́ mọ bí ẹni tí kò fi ọwọ́ kan abẹ rí ṣe lè kọ́ bí a ti ń fi í fá irùngbọ̀n láìgé ara rẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ ohun tí ó fà á tí àgbọ̀n rẹ̀ fi máa ń kún fún kókó wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ kejì tí onígbàjámọ̀ bá ti fá a, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bọ́ǹpù. Èmi yóò dáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí kò bi mí, òun ni ó sì wúwo jù lọ: abẹ kan, àgbọ̀n mẹ́ta. Lórí èyí, mo ní láti sọ ojú abẹ níkòó.

ABẸ NÍ ILẸ̀ WA

Abẹ kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń rọ abẹ kí òyìnbó tó dé, àwọn onígbàjámọ̀ wa sì ti ń fi í jẹun. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ, abẹ ni àwọn Mùsùlùmí fi ń fá irun orí rẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, abẹ ni. Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn sínú òrìṣà, abẹ ni. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, apá kan orí ni wọ́n ń fá fún àwọn ìlàrí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ Aláàfin ni wọ́n. Ní Sábó, níbi tí àwọn Haúsá ń gbé, wanzam ni wọ́n ń pe onígbàjámọ̀ tiwọn, òun ni ó sì tún ń dá abẹ́ fún ọmọ. Láàárín wa, olóòlà ni ó ni iṣẹ́ ilà àti abẹ́ dídá.

Ní òkè òkun pẹ̀lú, irú abẹ yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń lò nígbà kan rí. Ìlú Sheffield ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Solingen ní Jámánì gba orúkọ káàkiri ayé nítorí irin mímú. Ní ọdún 1903, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ King C. Gillette bẹ̀rẹ̀ sí í ta abẹ onítìkẹ́ẹ́ tí a ń pààrọ̀ bíléèdì rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, 51 péré ni ó rí tà nínú abẹ náà, pẹ̀lú bíléèdì 168. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo ayé ti gbà á. Bíléèdì dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ohun tí ìyá oníwósìwósì ń tà lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìgẹrun oníná dé, àwọn onígbàjámọ̀ sì kó abẹ wọn sínú àpótí.

Síbẹ̀ abẹ gidi kò tí ì kú. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ọ̀kan dáadáa lè lò ó títí di ọjọ́ ogbó, kò sì ní máa ra bíléèdì lóṣooṣù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́ tí ń ka owó oṣù, tàbí fún oníṣòwò tí ń ka èrè lórí ọ̀pá aṣọ. Nítorí náà, n kò bá àbúrò wa wí pé ó fẹ́ kọ́ ọ. Ohun tí ó dára ni.

Ẹ PÍN OGÚN, Ẹ MÁ ṢE PÍN Ẹ̀JẸ̀

Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ bí a ti ń dì í mú, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tí yóò dì í mú.

Abẹ kò ní láti gé ọ kí ẹ̀jẹ̀ tó kàn án. Bí ó ti ń fá irun ni ó ń họ awọ ara lọ́nà tí ojú kò lè rí. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá ní kòkòrò àrùn, ẹni tí ó bá lò ó tẹ̀lé ẹni àkọ́kọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò náà. Láti ọdún 1986, tí a kọ́kọ́ kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà, ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe jọ lo abẹ. Àwọn kan rò pé éèdì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àrùn mẹ́dọ̀wú, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ń gba ọ̀nà yìí ju éèdì lọ. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú irú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 ó kéré tán lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti gbẹ. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 láàárín àwọn àgbà ni ó ní kòkòrò yìí lára. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, nítorí pé ara wọn le, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀dọ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé a ń fura sí ẹ̀gbọ́n ẹni. Ẹ̀gbọ́n gan-an lè má mọ ohun tí ó wà lára òun. Àbúrò náà lè má mọ ti ara rẹ̀. Fífi omi ṣan abẹ kò tó, fífi aṣọ nù ún kò tó, fífi ẹnu iná kàn án wéré bí àwọn kan ti ń ṣe kò tó. Ohun tí ó dájú ni pé kí olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀. Ẹ pín ogún bàbá yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pín ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún mẹ́dọ̀wú irú B. Ẹ lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹni tí kò ní in lè gba abẹ́rẹ́, kí ẹni tí ó ní in sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní àkókò.

BÍ A TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ó wá kù bí a ti ń fá a. Àbúrò mi, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí. Bàbá onígbàjámọ̀ kan ní Òṣogbo ni ó kọ́ mi. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò jẹ́ kí n gbé abẹ sún mọ́ ojú. Ọ̀nà tí ó gbà kọ́ mi ni mo fẹ́ gbà kọ́ ọ.

Èkínní, mọ abẹ rẹ. Ojú abẹ ni ó ń gé nǹkan, ẹ̀yìn abẹ ni ó nípọn, ọrùn abẹ ni ó so ó pọ̀ mọ́ èèkù. Gbé ìka mẹ́ta lé ẹ̀yìn ọrùn náà, fi àtàńpàkò ti abẹ́ rẹ̀, kí ìka tí ó kéré jù sinmi lórí ìrù abẹ. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Bí abẹ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ó bọ́. Má ṣe nawọ́ gbá a mú láéláé. Abẹ tí ó bá ṣẹ́ ṣeé rà. Ìka kò ṣeé rà.

Èkejì, kọ́ bí a ti ń lọ̀ ọ́ sára awọ. Kì í ṣe orí òkúta ni a ń gbé abẹ lọ lójoojúmọ́. Wá bẹ́líìtì awọ tí ó fẹ̀ tí ó sì dán, so ẹnu kan mọ́ ara ògiri, fa ẹnu kejì le. Tẹ́ abẹ pẹlẹbẹ lé e. Ẹ̀yìn abẹ ni kí ó máa ṣíwájú, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀lé e. Bí o bá dé òpin, fi ẹ̀yìn rẹ̀ yí i padà láìgbé e kúrò lára awọ, kí o sì fà á bọ̀. Ṣe èyí ní àlọ àti àbọ̀ ìgbà 30 kí o tó fárùngbọ̀n. Bí o bá fi ojú rẹ̀ ṣíwájú, ìwọ yóò gé awọ náà, abẹ yóò sì kú. Nígbà tí awọ kò bá tún lè mú un mú mọ́, tí ó ń fa irun tu, ìgbà náà ni ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ òkúta pípọ́n dáadáa. Òkúta tí a fi ń pọ́n àdá kò yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, fi bàlúùnù kọ́ṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fẹ́ bàlúùnù kan, fi ọṣẹ tí ó ti hó pa á lára, kí o wá fi abẹ rọra gbá ọṣẹ náà kúrò. Ọjọ́ tí o bá fá bàlúùnù mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn kò bẹ́, ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ fúyẹ́ tó. Bàlúùnù tí ó bẹ́ kò ní kí a gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀kẹrin, rẹ irun náà dáadáa. Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ni ó dára jù láti fárùngbọ̀n. Bí o kò bá wẹ̀, fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bo àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Irun tí ó mu omi yó a máa rọ̀. Irun gbígbẹ dà bí wáyà. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ títí tí yóò fi hó bí ẹ̀kọ mímu, kí o sì fi pa á. Ọṣẹ dúdú wa ń hó dáadáa, ṣùgbọ́n eérú tí a fi sè é lè mú kí ara gbẹ, kí ó sì ta ni. Bí o bá lò ó, má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lójú, má sì ṣe gbàgbé òrí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìdúró abẹ. Tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀yìn abẹ àti ara tó ìnípọn ẹ̀yìn náà lọ́nà méjì. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò yóò rí i pé igun náà súnmọ́ dígírì 30. Bí o bá tẹ́ ẹ jù, yóò máa fa irun tu. Bí o bá gbé e sókè jù, yóò gé ọ. Fà á ní ṣókí-ṣókí, ìwọ̀n ìka kan sí méjì lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa nù ún. Má ṣe fà á sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Níbẹ̀ ni ọgbẹ́ ti ń wá. Má sì ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ tó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ẹ̀kẹfà, má ṣe fá gbogbo ojú ní ọjọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìkan ni kí o fá, kí o fi ohun tí o ti ń lò tẹ́lẹ̀ parí ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn. Òkè ètè àti góńgó àgbọ̀n ni kí o fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni ó yí kọ́lọkọ̀lọ. A kì í ti inú ABD bọ́ sínú ìwé kẹfà.

Nígbà tí o bá parí, fi omi tútù ṣan ojú, fi álọ́ọ̀mù tútù ra ibi tí ó bá ta ọ́, kí o sì fi òrí díẹ̀ pa á. Abẹ náà ńkọ́? Fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kan òróró díẹ̀ sí i. Ní àsìkò òjò, ìpáàrà kì í pẹ́ mú irin. Lẹ́yìn náà, gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan abẹ.

Ọ̀RỌ̀ BỌ́ǸPÙ

Ìbéèrè kejì rẹ, àbúrò mi, kan ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Irun wa a máa ká. Bí a bá fá a kanlẹ̀ jù, ẹnu rẹ̀ a mú bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá wá ń hù, a ká padà, a gún awọ ara, a tún wọlé. Ara yóò wá máa bá a jà bí ẹni pé ẹ̀gún ni. Ìjà yẹn ni kókó tí o ń rí. Bí a bá ń họ ọ́ tí a sì ń tún un fá lójoojúmọ́, ó lè di àpá líle tí kì í lọ mọ́.

Àwọ ara dà bí òṣómàáàló ilẹ̀ wa. Bí o bá jẹ ẹ́ ní gbèsè lówùúrọ̀, yóò wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ lọ́jọ́ kejì, kò sì ní dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ kí o mọ ibi tí irun kọrí sí. Ti ọrùn lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí irun kọrí sí ni kí abẹ náà kọrí sí. Má ṣe fá a lòdì. Fa awọ ara díẹ̀ kí ó lè tẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe nà án gan-an, nítorí pé irun tí a gé nígbà tí awọ ara nà yóò sá wọ abẹ́ awọ. Fá a lẹ́ẹ̀kan, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù. Abẹ olójú kan dára fún wa ju èyí tí ó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, nítorí pé olójú púpọ̀ a máa gé irun wọ abẹ́ awọ.

Bí àgbọ̀n rẹ bá kún fún kókó lọ́wọ́lọ́wọ́, má tíì bẹ̀rẹ̀. Dáwọ́ fífá dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ara fi sàn. Bí ó bá tún padà wá lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ra yìí, fi ẹ̀rọ gẹ̀ ẹ́ mọ níwọ̀nba, kí o jẹ́ kí irun díẹ̀ wà lójú. Irùngbọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bọ̀wọ̀ fún un.

BÍ ÌWỌ YÓÒ TI BÁ ÀWỌN Ẹ̀GBỌ́N RẸ SỌ̀RỌ̀

Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Báwo ni àbúrò yóò ti dìde pé òun kò bá wọn lo ohun bàbá? Wọn a ní ó gbéraga, wọn a ní ó rò pé àwọn ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Má ṣe sọ ọ́ níwájú àwọn ìyàwó wọn. Lọ bá ẹ̀gbọ́n àgbà nìkan, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí o sì fi ara rẹ ṣáájú. Sọ fún un pé ìwọ ni o kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tìrẹ, o kò sì fẹ́ kó o bá wọn. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá gbọ́ èyí kò ní bínú. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti abẹ bàbá yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo gbà á, kí ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n àgbà. Kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí ó ra oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń tọ́jú irin iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní ilé ìtajà oògùn, kí ó rì í sínú rẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí a kọ sára ìgò. Bí èèkù rẹ̀ bá jẹ́ ìwo tàbí ike, kí ó má ṣe sè é, omi híhó yóò bà á jẹ́. Ẹ̀yin méjì yòókù, ẹ ra tiyín. Bí owó kò bá tó abẹ gidi, irú kan wà tí ó jọ ọ́, tí a ń fi ìlàjì bíléèdì sí ẹnu rẹ̀, tí a sì ń jù ú nù lẹ́yìn tí a bá fá a tán. Ẹ lè jọ lo ọṣẹ, omi àti dígí. Ojú abẹ ni kí ẹ má ṣe jọ lò.

Ìlànà kan náà ni kí gbogbo wa máa bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Kí ó tú bíléèdì tuntun lójú rẹ, tàbí kí o mú tìrẹ lọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìwọ olórí, jókòó kí o la ojú rẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí ọmọ kan bá mú irun gígùn wá sí ilé ìwé, ẹ má ṣe to àwọn ọmọ sórí ìlà kí ẹ fi bíléèdì kan ṣoṣo fá orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbáwí fún irun gígùn kò gbọdọ̀ di àìsàn tí ọmọ yóò gbé dàgbà. Ẹ kọ̀wé sí òbí rẹ̀, ìyẹn tó.

 Àbúrò mi ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kọ̀wé sí mi nígbà tí bàlúùnù kẹta kò bá bẹ́, kí o sì sọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wí fún mi.